Ìbẹ̀wò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ṣe

                                                            Ojúlé Keje,
                                                            Ẹ̀yìn Ọgbà Ilé-Ìwé.
                                                            Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ ìyá ìyàwó mi,

Ó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí a ti dágbére fún ara wa ní ibùdókọ̀, tí ìwọ ń fi ọwọ́ ẹ̀wù nu ojú, tí èmi náà ń díbọ́n pé eruku ló kó sí mi lójú. Báwo ni ilé? Báwo ni iṣẹ́? Ṣé ọ̀gá yín tó máa ń yọjú wò yín láti ẹ̀yìn gíláàsì ṣì wà níbẹ̀, àbí wọ́n ti gbé e lọ síbi tí kò ti ní rí ẹnikẹ́ni ṣọ́ mọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dà á láàmú ti jẹ́ kó sinmi? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tó sọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú pé òun máa di káfíńtà, tó sì bu ìṣó mi kún àpò lọ sílé? Sọ fún un pé mo ti fi ìṣó náà ta á lọ́rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ìlera.

Ní tèmi, ara le. Mo ń ṣiṣẹ́, mo ń jẹun, mo sì ń sùn lọ́jọ́ mìíràn. Bí mo bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, irọ́ ni mo ń pa fún ọ. Ohun tó le jù nínú ilé yìí ni pé kò sí ẹni tó ń pè mí mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ a máa pè mí láti ẹ̀yìnkùlé láìmọye ìgbà láàárọ̀, nítorí aṣọ, nítorí omi, nítorí pé ó rí ẹyẹ kan tó bà lé okùn aṣọ rẹ̀. Ní báyìí, oníbàárà nìkan ló ń pè mí, ohun tí wọ́n sì ń béèrè ni ìgbà tí àga wọn máa yá.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n fi àwọn ará ìjọ wa sílẹ̀, pé ìwọ̀nba tí o gbọ́ nípa wọn lẹ́nu mi ti tó, pé ìwọ náà kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ìjọ kankan láti ìgbà tí o ti padà sílé. O ní orí fóònù lo ti ń gbọ́ ìwàásù, pé ọkàn ni Ọlọ́run ń wò, kì í ṣe bẹ́ǹṣì tí a jókòó lé. Èmi tí mo kan bẹ́ǹṣì ìjọ wa, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ náà ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní o kì í sọ̀rọ̀ nílé mọ́. Ó ní bí o bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, o máa ń kọ ojú sí ògiri, fóònù á máa wàásù lórí àyà rẹ títí oorun á fi gbé ọ lọ. Àbúrò mi, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ ìyá kan ni mo sin, n kò fẹ́ sin èkejì. Ohun tí o ń ṣe yẹn, mo ti ṣe é wò. Jẹ́ kí n ròyìn bó ṣe rí fún ọ, pẹ̀lú gbogbo ohun ìríra inú rẹ̀, kí o tó sọ pé ó dáa.

O rántí bí èèyàn ṣe kún lọ́jọ́ ìsìnkú. O rántí bí ẹgbẹ́ akọrin ṣe kọrin, bí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ṣe yí mi ká, bí àwọn agbàlejò tó ń fi èèyàn jókòó nínú ìjọ ṣe na agboòrùn lé mi lórí nígbà tí òjò ń kán. Gbogbo wọn ló di ọwọ́ mi mú, gbogbo wọn ló sọ pé, "A ó máa wá wò yín." Èmi gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí o lọ tán, mo tún ẹsẹ̀ àga pálọ̀ tó ń mì ṣe, kó má baà gbé ẹni tó bá wá kí mi ṣubú. Mo ra bisikíìtì, mo tò ó sínú àwo, mo fi àwo mìíràn dé e. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Bisikíìtì rọ̀, mo jẹ ẹ́ fúnra mi, mo tún ra òmíràn. Òun náà rọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá láti inú ìjọ ni akọ̀wé ìjọ wa, ọ̀gbẹ́ni tó máa ń wo aago rẹ̀ bí ẹni pé aago náà fẹ́ sá lọ. Mo yára ṣílẹ̀kùn, mo ní kó wọlé kó jókòó. Kò wọlé. Ó dúró lórí ẹní ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, Káfíńtà. Olúwa á tù yín nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé aṣọ tábìlì oúnjẹ Olúwa wà lọ́wọ́ yín? Ìyàwó yín ló gbé e lọ fọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la fẹ́ lò ó."

Ìwọ mọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Alágbàfọ̀ ni, aṣọ gbogbo àdúgbò ló ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ti ìjọ nìkan ni kì í gba nǹkan kan lé lórí. Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ tí àìsàn náà dá a dùbúlẹ̀, ó rẹ aṣọ tábìlì yẹn sínú omi ọṣẹ, nínú abọ́ ìfọṣọ ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó dé e, ó ní tó bá di ọ̀la òun á fọ̀ ọ́. Kò ti ilé ìwòsàn padà dé. Abọ́ náà wà níbẹ̀. Èmi ò lè ṣí i. Omi tí ọwọ́ rẹ̀ pò mọ́ ọṣẹ ni, mo sì rò pé bí mo bá dà á nù, mo ti da ohun tó kẹ́yìn nù.

Mo sọ fún akọ̀wé pé aṣọ náà kò tíì yá. Ó wò mí bí oníbàárà tí wọ́n já kulẹ̀ ṣe máa ń wò mí. "Ẹ gbìyànjú o," ó wí, ó wo aago, ó lọ. N kò mọ bí n ó ṣe sọ bó ṣe rí lára mi fún ọ. Bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ tẹ ohun tútù kan nínú òkùnkùn ni. Ìyàwó mi ti lọ, aṣọ tábìlì ni wọ́n ń wá.

Mo ṣì lọ sí ìjọ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Wọ́n ti ra rọ́bà kan tẹ́ sórí tábìlì náà, rọ́bà olódòdó irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sí ilé oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà, òórùn rẹ̀ sì dé ibi tí mo jókòó sí. Nígbà tó kan àdúrà, Pásítọ̀ gbàdúrà fún mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn èèyàn rẹ̀ tí wọ́n yí arákùnrin wa Káfíńtà ká nínú ọ̀fọ̀ rẹ̀, tí wọn kò jẹ́ kó dá jókòó fún ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ẹsẹ̀ àwọn ará kò dá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín, ó sì dún bí ìgbà tí pákó ńlá bá ṣubú. Arábìnrin tó jókòó tì mí fi ọwọ́ kàn mí léjìká, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, bí ẹni pé òun náà wà lára àwọn tó wá. Mo fẹ́ ṣe àmín. Ẹnu mi kò ṣí. Èébì ló gbé mi. Mo dìde, wọ́n rò pé ẹkún ni, wọ́n ń yà fún mi, wọ́n ń sọ pé "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Mo bì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, mo fọ ẹnu mi, mo sì gba ilé lọ.

Ìgbà náà ni mo di ọmọ ìjọ fóònù bíi tìrẹ. Ọmọbìnrin wa tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn ló júwe bí mo ṣe máa ṣí i lórí fóònù fún mi. Oníwàásù kan ni, eyín rẹ̀ funfun, gbọ̀ngàn rẹ̀ tóbi bí pápákọ̀ òfurufú. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ dùn, n kò ní purọ́. Kò sí ọwọ́ tí mo ní láti bọ̀, kò sí akọ̀wé, kò sí ẹ̀rín músẹ́. Orí ibùsùn ni mo wà, síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, èékánná ẹsẹ̀ ni mo ń gé nígbà tó ń gbàdúrà. Ó ní, "Yíjú sí ẹni tó jókòó tì ọ́, sọ fún un pé ọ̀la rẹ̀ á dára." Mo yíjú. Kọ́bọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀. Mo sọ fún un.

Bí ó bá sọ ohun tí kò bá mi lára mu, n ó fi ìka tì í kọjá, n ó wá ẹlòmíràn, bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wù ní ìsọ̀. Mo gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù bíi mélòó kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, n kò gbọ́ òpin ọ̀kan. Kò sì sí ẹni tó lè bi mí pé, "Káfíńtà, ṣé o ti wẹ̀ lónìí?" N kò tíì wẹ̀. Láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn ni n kò ti wẹ̀.

Ọjọ́ tó dé òpin rẹ̀ ni ọjọ́ tí ọkùnrin náà ní ká jẹ oúnjẹ Olúwa. Ó ní ohunkóhun tó bá wà nílé ni ká mú, pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Mo wo ilé. Ìdí búrẹ́dì kan wà nínú náílọ́ọ̀nù, nǹkan bí irun aláwọ̀ ewé ti hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, mo fi èékánná gé ibẹ̀ sọ nù. Tíì tí mo mu kù lálẹ́ àná wà nínú ife, ó ti ṣe awọ lójú, eṣinṣin kan wà nínú rẹ̀. Mo fi ìka yọ ọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́." Mo fi sẹ́nu. Ìgbà tí mo ń jẹ ẹ́ ni mo rí i pé èèrà ń rìn lọ́wọ́ mi, wọ́n ti kó wọ inú búrẹ́dì náà kí n tó gé e. Àbúrò mi, oúnjẹ tí à ń pè ní ìdàpọ̀ mímọ́ rèé. Ta ni mo bá dà pọ̀? Èmi àti èèrà. Mo tu ú sọ́wọ́, mo sì wò ó. Ìríra akọ̀wé kò tó ìríra tí mo ní sí ara mi lọ́jọ́ yẹn. Mo da fóònù dojú dé orí ibùsùn, ọkùnrin náà sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ lábẹ́ ibẹ̀. Kò mọ̀ pé mo ti lọ. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wá.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Nọ́ọ̀sì Àgbà kan ilẹ̀kùn. O mọ̀ ọ́n, òun ni obìnrin gíga tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ nítorí ìjókòó iwájú nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ ní "Abẹ́rẹ́ Kò Mọ Ọba." Ọkọ rẹ̀ tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọkùnrin tí oorun máa ń gbé lọ nínú ìjọ kí wọ́n tó ka Bíbélì tán. Mo ṣílẹ̀kùn. Obìnrin náà kò kí mi. Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Káfíńtà, kí ló kú sínú ilé yìí?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó wí. "Ẹnu mi máa ń ṣáájú mi dé ibi gbogbo."

Àbúrò mi, mo bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí láti ọjọ́ náà nìyẹn, ẹ̀rín yẹn sì di ẹkún láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Mo sunkún títí ó fi tán. Nígbà tí mo gbójú sókè, awakọ̀ ti ń sùn.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ìyàwó rẹ̀ wí, "bó ṣe máa ń báni kẹ́dùn nìyẹn." Ó wá sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni wọ́n ti ń dúpẹ́ fún àwọn tó ń bẹ̀ mí wò, òun náà sì ń ṣe àmín. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí wọ́n tún dúpẹ́, òun ṣàdédé ṣí ojú, òun wò yíká láti rí àwọn èèyàn rere náà. "Mo bi ẹgbẹ́ àwọn ìyá, wọ́n ní ẹgbẹ́ akọrin ló ń lọ, torí akọrin ni olóògbé. Mo bi akọrin ẹgbẹ́ mi, wọ́n ní àwọn agbàlejò ni, iṣẹ́ wọn ni. Mo bi àwọn agbàlejò, wọ́n ní kí ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá wà fún? Ewúrẹ́ tí ilé mẹ́ta bá jọ ń sìn, ebi ló máa ń pa á sùn. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó gbé mọ́tò."

"Ẹ̀yin àti ìyàwó mi kì í sọ̀rọ̀," mo wí.

"A kì í sọ̀rọ̀. Nítorí àga. Mo ti ń jókòó síbẹ̀ báyìí." Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Kò dùn ún jókòó sí."

Ó dìde, imú rẹ̀ ló sì tẹ̀ lé, ó lọ tààrà sí yàrá ẹ̀yìn. Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó ti gbé ọmọrí kúrò. Òórùn tó jáde, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o gbọ́ irú rẹ̀. Omi náà ti dúdú, ó ti ń yọ̀, ìfófòó kan léfòó sójú rẹ̀. Èmi tí mo ń gbé inú rẹ̀ tọ̀sán-tòru kò gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá. Fóònù náà kò sì gbọ́ ọ.

"Omi tó fọwọ́ pò ni," mo sọ fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á nù."

Kò bá mi jiyàn. Ó fi ọwọ́ bọ inú omi burúkú yẹn dé ìgúnpá, ó wá a kiri díẹ̀díẹ̀, ó fa ọwọ́ yọ. "Káfíńtà," ó wí jẹ́jẹ́, "ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Aṣọ nìkan ló wà níbẹ̀. Aṣọ náà ló sì fẹ́ fọ̀."

A gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi fúnra mi ni mo da omi náà nù. A fọ̀ ọ́, a tún un fọ̀, a fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Aṣọ tábìlì yẹn gùn, ẹnì kan ṣoṣo kò lè fún un gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi máa ń pè mí láti ìdí iṣẹ́, tí mo máa ń kùn pé ó tún dé. Nọ́ọ̀sì jí ọkọ rẹ̀, ó ní kó lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọ̀rá mọ́tò yẹn kó tó fọwọ́ kan aṣọ Olúwa. Awakọ̀ di etí kan mú, mo di èkejì mú, a lọ́ ọ, omi sì ń já. Àbàwọ́n rúsúrúsú kan dúró láàárín rẹ̀, kò lọ, kò sì ní lọ mọ́.

Kí wọ́n tó kúrò, obìnrin náà ní, "Lọ́la, ẹ ó wá sí ìjọ, ẹ ó sì sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó wá."

Mo ní, "Mi ò wá síbẹ̀ mọ́."

Ó ní, "Ta ni ẹ fẹ́ kó sọ ọ́ fún wọn? Fóònù?"

Mo lọ. Nígbà ìkéde, mo dìde. N kò gbé ohùn sókè. Mo ní, "Ẹ ti ń dúpẹ́ fún ìbẹ̀wò tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Kí Nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀ tó dé lánàá, akọ̀wé nìkan ló wá, aṣọ tábìlì ló bá wá." Ẹnì kan wá sọ láti ẹ̀yìn pé àwọn rò pé ẹgbẹ́ akọrin ni. Ẹgbẹ́ akọrin dáhùn. Àwọn ìyá dáhùn wọn padà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ilé Ọlọ́run ti di ibi tí wọ́n ti ń bá ara wọn du ẹni tí ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀, èmi sì dúró sáàárín bí àga tí kò ní olówó. Ìríra rẹ̀ tún dé. Díẹ̀ ló kù kí n jáde. Pásítọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó gbé orí sọ́wọ́. Ó ní, "Èmi ni mo gbàdúrà yẹn. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, Káfíńtà." Gbogbo wọn gbọ́, àríyànjiyàn náà sì parí síbẹ̀.

Má rò pé wọ́n di áńgẹ́lì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo ìjọ ló ya lù mí. Wọ́n kún pálọ̀, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó sórí pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì gùn. Wọ́n ya fọ́tò. Ẹnì kan ní kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n jẹ bisikíìtì tán, ẹnì kan wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sì da omi sí i, wọ́n kọrin, wọ́n lọ. Èmi ni mo gbálẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó wá lára wọn. Wọ́n ti ya fọ́tò.

Àmọ́ lọ́jọ́rú, lẹ́yìn tó ti kó àwọn ọmọ ilé-ìwé délé tán, awakọ̀ nìkan wá. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," ó jókòó, ó sùn. Mo ń fá pákó lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi, n kò mọ̀ pé ìhanrun lè jẹ́ ìtùnú. Nígbà tó jí, ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà kí n tó lọ." Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Olúwa, a wà níbí." Mo ṣe àmín. Ẹnu mi ṣí.

Ní Ọjọ́rú kejì, ó mú ìyàwó rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, arábìnrin tó fi ọwọ́ kàn mí léjìká wá, ó ní ojú ń ti òun láti ọjọ́ yẹn, òun kò sì lè sùn. Akọ̀wé náà ti ń wá báyìí. Ó ń jókòó, aago ló ṣì ń wò, ṣùgbọ́n ó ń jókòó. A ń ka ẹsẹ díẹ̀, a ń sọ ohun tí ojú wa rí lọ́sẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì ló fi òfin kan lélẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni tí kò sí ẹni tó fojú rí i nínú wa. Nítorí náà, kí a tó gbàdúrà, a ń bi ara wa pé, "Ta ni a ò rí?" Bí a bá dárúkọ ẹnì kan, a ó dìde, a ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bíríkìlà kan la lọ wò, tó jábọ́ lórí iṣẹ́. Orí ẹní ló wà, ó ti rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Àná, ìyá arúgbó kan ni. Ó lé wa jáde, ó ní a ti pẹ́ jù. A ó tún lọ.

Inú mi ṣì ń ru sí wọn, má jẹ́ kí n tàn ọ́. Rọ́bà olódòdó yẹn kò kúrò lórí tábìlì ìjọ títí Nọ́ọ̀sì fi ká a fúnra rẹ̀ tó tẹ́ aṣọ alábàwọ́n wa sí i, akọ̀wé sì ní kò bójú mu. Awakọ̀ ń hanrun sínú Sáàmù. Ẹlòmíràn ń ka ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ bí ẹni ń tọrọ àdúrà fún un. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń rí mi lára nínú wọn. Ṣùgbọ́n oníwàásù inú fóònù kò rí mi lára rí, n kò sì rí i lára rí, nítorí a kò sún mọ́ ara wa. Ẹni tí kò bá sún mọ́ ọ tó láti rùn sí ọ kò lè gbọ́ òórùn ohun tó ń jẹrà nílé tìrẹ. Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn, n kò mọ̀ bóyá ìwàásù ni.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí ìwọ náà láti ibi tí mo wà yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá yín ń ṣiṣẹ́. O ń ṣọ̀fọ̀, ta ló mọ̀ níbẹ̀? Kì í ṣe ọkùnrin eléyín funfun yẹn. Bí ìjọ tí o ń lọ tẹ́lẹ̀ bá ti sú ọ, wá ilẹ̀kùn mìíràn tí o lè fi ẹsẹ̀ rìn dé. Má ṣe jókòó sẹ́yìn. Sọ fún ẹni tó bá jókòó tì ọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ kú. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ sí ọ, wọ́n lè wo aago, wọ́n lè béèrè ohun tí kò kàn wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n béèrè. Padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Láàárín wọn, awakọ̀ kan á wà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, sọ fún un pé mo dúpẹ́ tó bá mi sọ̀rọ̀, má sì bínú sí i. Kí àwọn ọmọ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì bá mi kí ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ wá síbi ìsìnkú, tó fi èjìká rẹ̀ gbé pósí láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ọmọbìnrin wa kí yín. Nọ́ọ̀sì Àgbà náà kí ọ, ó ní kí o máa jẹun.

Àná ni mo dárúkọ rẹ níbí nígbà tí a béèrè ẹni tí a kò rí. Ọ̀nà rẹ jìn fún ẹsẹ̀ wa, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi wá dípò. Bí mo bá ṣì ń mí, bí kò tilẹ̀ ju èmi àti awakọ̀ lọ, n ó máa ṣí ilẹ̀kùn ilé yìí ní gbogbo Ọjọ́rú, a ó sì máa béèrè.

                                                            Èmi ni, tìrẹ nínú ọ̀fọ̀ àti nínú ìrètí,
                                                            Ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ,
                                                            Káfíńtà.